Yọ Ìpè Mi Kúrò Níwájú Ti Dókítà

Ọ̀tùn-Èkìtì,
Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì.

Àwẹ̀ró, ọmọ mi,

Má jẹ́ kí àyà rẹ já tí awakọ̀ bá fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó ṣubú. Ìyá rẹ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń lé adìẹ kúrò nínú ẹ̀fọ́ rẹ̀, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá orogún jà. Èmi wà lábẹ́ igi fúrúùtù iwájú ilé. Mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ tí o kò ní lè já gbà mọ́ mi lẹ́nu ni. Lórí fóònù, kí n tó sọ gbólóhùn kan, ìwọ á ti sọ mẹ́ta, wàá wá rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ibi tí mo fẹ́ dé á sì di àwátì. Ìwé kì í gba àríyànjiyàn. Jókòó kà á.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lánàá ni. O pè wá lórí fídíò, ojú rẹ mọ́ kedere, mo tilẹ̀ rí àpá kékeré abẹ́ àgbọ̀n rẹ, èyí tí o gbà nígbà tí o já bọ́ lórí igi máńgòrò. Ìyá rẹ ń pariwo pé ṣe ni ó dà bí ẹni pé o jókòó sínú yàrá wa. Ni o bá fi ẹ̀rín sọ pé, "Bàámi, mo ti ṣètò ẹ̀rọ náà. Ìpè yín ni mo fi ṣáájú gbogbo ìpè tó wà ní Òkè-Àkó. Bí òjò ń rọ̀, bí gbogbo ìlú ń lò ó, ẹ ó máa rí mi." Mo bi ọ́ pé, "Ti dókítà ńkọ́?" O ní, "Òun ló tẹ̀lé yín."

Inú mi dùn, Àwẹ̀ró. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo gbé inú dídùn náà lọ sórí ibùsùn, mo sùn tì í bí ọmọdé ṣe ń sùn ti bàtà ọdún. Àárọ̀ yìí ni mo jí tí mo rí i pé ohun tí o ṣe fún mi kò dára.

Mo mọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ gbà ọ́ síṣẹ́ ní Òkè-Àkó. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ra àwo sátẹ́láìtì kan ṣoṣo, wọ́n gbé e sórí òrùlé ilé ìwòsàn, kí nọ́ọ̀sì lè máa fi aláìsàn han dókítà tó wà ní Ìbàdàn. Ilé ìwé ní kí wọ́n fún àwọn náà níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ní àwọn náà fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta iṣu ní ọjà mìíràn. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tí kò tó wọn lò mọ́, wọ́n wá ìwọ, kí o máa sọ fún ẹ̀rọ pé ẹni yìí ni kó kọ́kọ́ lọ, ẹni yẹn ni kó dúró. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí ni dókítà máa bẹ̀rẹ̀ sí í wo aláìsàn. Tí ọjọ́ Ajé náà bá dé tí ìpè mi ṣì wà níwájú tirẹ̀, èmi bàbá rẹ ni mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn yẹn tí mo nasẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo sùn lọ díẹ̀ lórí àga yìí. Mo lá àlá. Ojú ọ̀run funfun, bí ọ̀yẹ́ ṣe máa ń sọ ọ́, àwọn báàfù sì tò sórí rẹ̀ gbọọrọ, láti orí àwọn òkè ẹ̀yìn Òkè-Àkó títí dé ibi tí ojú mi ò ká mọ́. Wọ́n ń sún díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹni tó rù wọ́n. Ẹ́ńjìnnì mi àtijọ́ ń dún lábẹ́ wọn, jẹ́jẹ́, bí a ṣe máa ń gbọ́ ọ láti ọ̀nà oko. Mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ni báàfù kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ èyí tó ní òdòdó pupa létí, mo jí, ojú mi sì ti tutù.

O mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́ ní ìdí ẹ̀rọ gàrí ní Ayégbajú nígbà èwe mi. O ò mọ gbogbo ẹ̀. Nígbà tí o wálé kí o tó lọ síbi iṣẹ́ yìí, o fi ẹfun ya iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún mi, àwo níbí, ráútà tó ń pín in lọ́hùn-ún, ọfà tó ń gòkè, ọfà tó ń bọ̀ wálẹ̀. O rò pé mò ń tòògbé. Mò ń gbọ́ ọ. Ohun tí ò ń sọ jọ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, mo sì ṣì í ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi di ojú mi. Ó dáa, jẹ́ kí n kà á fún ọ bí mo ṣe rántí ẹ̀.

Èkíní. Má fún ẹ̀rọ ní gbogbo ohun tí ẹnu rẹ̀ lè gbà.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, apá mi le, mo sì gọ̀. Ọmọge kan wá rin ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ kan, ó wé gèlè aláwọ̀ òféèfèé. Mo ní kí n fi agbára hàn án. Kàkà kí n máa fi ẹ̀gẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀, mo gbé báàfù sókè, mo dà á sí ẹnu ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ náà kígbe. Bẹ́líìtì já, gbàà! Ẹ̀gẹ́ tútù fò jáde, ó bò ó láti orí gèlè dé àyà. Ó nu ojú ẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ̀gẹ́ lo fẹ́ rin ni, àbí èmi?" Ìyá rẹ nìyẹn. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mo tún ń rí i. Ọjọ́ méjì ni ẹ̀rọ náà fi dákẹ́, gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà gbé ẹ̀gẹ́ wọn lọ sílé, ọ̀gá mi sì bú mi dé ìran kẹta.

Ọ̀gá mi ní kí n máa fún ẹ̀rọ ní èyí tó dín díẹ̀ sí agbára rẹ̀, ó ní tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, á ṣiṣẹ́ dalẹ́. Ohun tí ìwọ náà sọ fún mi nìyẹn pẹ̀lú ẹfun rẹ. Bí ojú ọ̀run bá fún ọ ní garawa mẹ́wàá, kọ mẹ́jọ sílẹ̀ fún ráútà. Bí òjò bá ṣú bo àwọn òkè yẹn tí ọ̀run bá háwọ́, kọ mẹ́fà. Àwọn ènìyàn á sọ pé o ń fi nǹkan wọn pamọ́. Jẹ́ kí wọ́n sọ. Tí o bá jẹ́ kí ó kún dé ẹnu, ìlà á lọ tò síbi tí o kò lè rí i, nínú ọ̀fun àwo lórí òrùlé, ibẹ̀ kò sì mọ dókítà yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù. Ìlà tó bá wà níwájú rẹ ni o lè tò. Èyí tó bá wà lọ́fun ẹ̀rọ, Ọlọ́run nìkan ló lè tò ó.

Èkejì kúrú. Máa ṣọ́ ohun tó ń gòkè ju ohun tó ń bọ̀ wálẹ̀ lọ. O ní ọ̀nà àbọ̀wálẹ̀ fẹ̀, ọ̀nà àlọ ló há. Ẹni tó bá ti ru igi gun òkè rí kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ìyẹn fún òun. Gbogbo ènìyàn ń wo ohun tí wọ́n máa rí gbà, kò sẹ́ni tó ń wo ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n àyà ọmọ tó ń mí gúlegúle, tí dókítà fẹ́ wò, òkè ni àwòrán rẹ̀ ń lọ. O sì sọ fún mi pé àwọn fóònù kan wà tó jẹ́ pé wọ́n ń dá fi fọ́tò ránṣẹ́ sókè fúnra wọn, ẹni tó ni wọ́n ò mọ̀. Gbogbo àwòrán ìkómọ, gbogbo ọbẹ̀ tí wọ́n sè. Fi àwọn yẹn sí ẹ̀yìn pátápátá. Fóònù ìyá rẹ wà lára wọn. Tó bá wá kí ọ, má ṣe ojúsàájú.

Ẹ̀kẹta ni báàfù òfìfo.

Ní Ayégbajú nígbà yẹn, ènìyàn kì í tò sórí ìlà, báàfù rẹ̀ ló ń tò. Wàá gbé e síbẹ̀ láàárọ̀, wàá lọ oko, wàá lọ odò, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Ìyàwó olóyè kan wà tó mọ bí a ṣe ń lo àṣà yìí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, á ti gbé báàfù márùn-ún kalẹ̀, òfìfo ni gbogbo wọn, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀ lóko, kò tíì wú u. Èmi náà, nítorí pé mo jẹ́ ọmọ tó mọ̀wà hù, tí ó bá kàn án, màá dúró. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, epo dísù ń jó, àwọn obìnrin tó ti bó ẹ̀gẹ́ wọn ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n. Mo pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀! Ọjọ́ tí ọ̀gá mi bá mi bẹ́ẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ta báàfù kan, ó ní, "Kí lò ń rin nínú eléyìí? Afẹ́fẹ́?"

O ní alága ẹgbẹ́ yín fẹ́ kí o ya apá kan sọ́tọ̀ fún ilé òun, tọ̀sán-tòru, kí ẹnikẹ́ni má dé ibẹ̀. Má bá a jà. Má sì ṣe é bó ṣe fẹ́. Lọ bá a fúnra rẹ láàárọ̀, kí ó tó jáde, kúnlẹ̀ dáadáa, má ṣe ìdajì ìkúnlẹ̀ tí ẹ̀ ń ṣe nísinsìnyí. Sọ pé, "Bàbá, àyè yín wà níbẹ̀. Ìgbàkígbà tí ẹ bá dé, tiyín ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá sí nílé, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé bá yín jókòó sí i." Kò sí àgbà tí yóò sọ pé kí ọmọdé má jókòó sórí àga tó ṣófo. Tó bá kọ̀, wá sọ fún mi, mo mọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀.

Ìyá rẹ ti dé ọ̀dọ̀ mi báyìí. Ó gbé iṣu sísun àti epo wá fún mi, ó sì dúró sí ẹ̀yìn mi, ó ń kà á. Mo ní, "Ìwé ọmọ mi ni mò ń kọ." Ó ní, "Ọmọ tìrẹ nìkan?" Nígbà tó kà á dé ibi tí mo ti ní ìpè wa gbọ́dọ̀ kúrò níwájú, ó gba gègé lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí n má rí ojú ọmọ mi mọ́ ni? Oṣù mélòó ni mo fi rí i bí òkùnkùn, bí èéfín, ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ kedere, ìwọ lo fẹ́ pa iná ẹ̀?" Mo ní kí ó jókòó. Mo ní, "Ṣé o rántí Ìyá Ráfátù?" Ó dá gègé padà fún mi, ó lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló wà di ìsinsìnyí.

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ yìí ká láti ìbẹ̀rẹ̀, o ti mọ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ìyá Ráfátù ló ni báàfù olódòdó pupa yẹn. Mùsùlùmí ni, opó ni, ẹnu rẹ̀ kì í dún. Báàfù kan péré ló máa ń gbé wá. Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ó wá ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀, òun ló sì kàn. Ó dúró ti báàfù rẹ̀, kò jókòó. Ó ń wo ojú ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀rọ, ó tún ń wo ojú ọ̀nà. Mo rí i. Mo rí i pé kò jókòó, mi ò sì bi ara mi ní ìdí.

Bí mo ṣe fẹ́ gbé tirẹ̀ ni ìyá mi dé pẹ̀lú báàfù mẹ́rin. Òógùn bò ó, ọ̀nà oko rẹ̀ jìn. Kò bẹ̀ mí. Èmi ni mo ní, "Màámi, ẹ gbé e wá síwájú." Ta ló máa bá mi wí? Ọmọ wo ló máa rí ìyá rẹ̀ nínú oòrùn tí yóò ní kó lọ tò sẹ́yìn? Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ tilẹ̀ yìn mí. Wọ́n ní, "Ọmọ rere ni." Ìyá Ráfátù la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó pa á dé. Mo rin báàfù mẹ́rin ìyá mi. Kò ju ìgbà tí iṣu fi ń jinná lórí iná lọ. Mo wá rin tirẹ̀, ó gbé e, ó ń sáré lọ.

Ohun tí kò sọ ni pé wọ́n ti ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ yẹn láti Ìdó pé Ráfátù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti ń rọbí. Ẹ̀gẹ́ tó ti bó á dúdú tó bá fi í sílẹ̀, oúnjẹ ilé rẹ̀ sì ni. Ó ní kí òun rin ín kíá, kí òun dì í sápò, kí òun fi òkúta tẹ̀ ẹ́, kí òun wá lọ pàdé lọ́rì. Lọ́rì kan ló ń kọjá sí Ìdó lọ́sàn-án. Kò sì lè sọ fún wa ní gbangba pé ọmọ òun ń rọbí. O mọ̀ pé a kì í pariwo ìrọbí. A kì í mọ ẹni tó ń gbọ́. Bí ó ṣe la ẹnu tó sì pa á dé nìyẹn, ó pa ẹnu mọ́ kí ọmọ rẹ̀ lè sọ̀ láyọ̀.

Lọ́rì ti lọ. Ó fẹsẹ̀ rìn títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sùn lọ́nà lọ́dọ̀ ará kan. Nígbà tó dé Ìdó láàárọ̀, Ráfátù ti bí ọmọbìnrin kan, ọmọ ń ké, ìyá ọmọ sì ti lọ. Ó bá a ní dídùbúlẹ̀, aṣọ funfun lójú. Wọ́n ní títí di ìgbà tó dákẹ́, ohun tó ń bi wọ́n ni pé, ṣé ìyá òun ti dé.

Mi ò sọ pé èmi ni mo pa á, Àwẹ̀ró. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé gbogbo ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè ṣe ni wọ́n ṣe. Mi ò sọ pé ìyá rẹ̀ ìbá gbà á là. Ṣùgbọ́n ìbá ti rí ojú rẹ̀. Ọmọ náà ìbá ti rí ojú ìyá rẹ̀. Ọdún wọ̀nyí gbogbo, kò sí ìgbà tí mo rí ìyá àti ọmọ tí wọ́n jókòó tira wọn tí kì í ta mí lára.

Èmi àti ọ̀gá mi lọ kí i. Ó tẹ́ ẹní fún wa, ó gbé omi fún wa. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò lè gbé orí mi sókè. Kò bú mi. Ìbá bú mi! Ohun tó sọ kò ju báyìí lọ: "Ìyá rẹ lo rin tirẹ̀ ṣáájú. Kò burú. Èmi náà, ìyá ẹnìkan ni mí."

Nígbà tí ìyá mi gbọ́, kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Uṣẹ́ rẹ ni, ọmọ mi. Má fi orúkọ mi bà á jẹ́ mọ́." Títí mo fi kúrò ní ìdí ẹ̀rọ yẹn, ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn ló ń gbé báàfù rẹ̀ sí, á sì lọ jókòó sórí àpáta kan, á máa wo àwọsánmà. Mo máa ń bẹ̀ ẹ́. Kò gbà kí n gbé e síwájú rí.

Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ nìyí, òun sì ni ẹ̀kẹrin, mi ò mọ̀ bóyá mo tún ní ẹ̀karùn-ún. Má wo ẹni tó ga. Má wo báàfù tó tóbi. Má wo ẹni tí o fẹ́ràn, òun ló léwu jù. Wo ẹni tí kò lè dúró. Fíìmù tóbi, ó sì lè dúró. Tó bá dúró, ẹni tó ń wò ó á pòṣé, á mu omi, á sì tún máa wò ó. Ìpè dókítà kéré, kò sì lè dúró. Tó bá ń ka bí àyà ọmọ ṣe ń lọ sókè sódò, tí àwòrán bá dúró ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, iye tó ń kà ti bà jẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà kò sì ní dúró dè é. Fi ohun kékeré tí kò lè dúró ṣáájú ohun ńlá tó lè dúró. Ohun tó bá ṣáà ti lè dúró, kódà kó jẹ́ bàbá rẹ, kó dúró.

Ẹni tí kò lè dúró sì kì í sábà sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí o kò fi gbọdọ̀ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì yẹn máa wá bẹ̀ ọ́ kí ọ̀nà tó ṣí. Ṣètò ẹ̀rọ náà kí ó ti ṣí kí ó tó béèrè, kí ó má nílò láti sọ ẹni tó wà lórí ibùsùn àti ohun tó ń ṣe é. Kọ ètò náà sórí ìwé, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, kí gbogbo ìlú rí ẹni tó ṣáájú àti ìdí. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń wọ inú ẹ̀rọ yẹn wà lọ́wọ́ ìwọ nìkan, kò sì sẹ́ni tó ń rí ohun tí o ń ṣe níbẹ̀. Irú agbára bẹ́ẹ̀ ni mo ní ní ìdí ẹ̀rọ gàrí, wọ́n sì ń pè mí ní ọmọ rere nígbà tí mò ń ṣì í lò.

Ẹ̀karùn-ún tilẹ̀ wà. Bí ọ̀dọ́kùnrin kan bá ń wá sí ọ́fíìsì rẹ lójoojúmọ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun kò lọ dáadáa, yẹ ojú rẹ̀ wò. Ó lè má jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló bá wá. Tó bá jẹ́ ọmọlúàbí, jẹ́ kó tò sórí ìlà bí àwọn yòókù, ká mọ̀ bóyá ó ní sùúrù. Ìyá rẹ ló ní kí n kọ èyí, ó ti dìde níbi ilẹ̀kùn, ó ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ọmọ mi, má rò pé mi ò fẹ́ ìpè yẹn. Kò sí ohun tí mò ń retí láti ìgbà tí ọ̀sẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ bí kò ṣe òun. Tí mo bá ti pè ọ́ tán, màá jáde síta, màá gbójú sókè. O ní àwọn sátẹ́láìtì yẹn, àwọn ìràwọ̀ àfọwọ́ṣe, kì í dúró lójú kan, pé bí ọ̀kan bá ti ń lọ, á fa ìpè wa lé èkejì lọ́wọ́. Mo máa ń ronú pé ojú mi ń lọ lókè níbẹ̀, ojú àgbàlagbà yìí pẹ̀lú gbogbo ìhunjọ rẹ̀, ó ń kọjá lórí oko iṣu, lórí igbó, lórí àwọn òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí òrùlé ilé ìwòsàn níbi tí ọmọ mi wà. Ọ̀sán á lọ lórí ìyẹn nìkan. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mi ò sọ ọ́ tó nígbà tí o wà nílé. Mi ò sì mọ iye ìpè tó kù fún mi láyé, ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn fún mi láti kọ èyí. Ṣùgbọ́n èmi lè dúró. Ẹnìkan á wà lórí ibùsùn nísàlẹ̀ òrùlé yẹn tí kò ní lè dúró, á sì jẹ́ ìyá ẹnìkan.

Nítorí náà, kí o tó jẹun lónìí, lọ síwájú ẹ̀rọ náà kí o yọ orúkọ mi. Má wulẹ̀ fi mí sí ipò kejì. Fi mí sí ibi tí bọ́ọ̀lù àti fọ́tò ọbẹ̀ wà. Má pè mí láti sọ fún mi pé o ti ṣe é, má sì bẹ̀ mí. Ìyá rẹ ti gbà. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun gbà, kí o má baà rò pé èmi nìkan ni mò ń ṣe agídí.

Ní ọjọ́ Ajé, a ó pè ọ́. Bí ojú rẹ bá dúró gbagidi lórí fóònù, tí ẹnu rẹ là sílẹ̀, tí ohùn rẹ já sí wẹ́wẹ́ tí a ò gbọ́ ohun tí ò ń sọ, a ò ní gé e. A ó jókòó síwájú rẹ̀, èmi àti ìyá rẹ, a ó máa wo ojú tí kò mì yẹn, a ó sì máa sọ fún ara wa pé nọ́ọ̀sì ti gbé ọmọ ẹnìkan síwájú dókítà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.